Iṣẹ́ Ìyanu, Kuníìnì àti Ẹ̀rí: Àríyànjiyàn Lórí Ẹ̀bùn Ẹ̀mí Nínú Ìjọ Kristẹni

Ní ọdún 1918, Benjamin Warfield, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn ní Princeton ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde tí ó pè ní Counterfeit Miracles. Kókó inú rẹ̀ kò fara sin. Ọlọ́run fún àwọn àpọ́sítélì ní agbára iṣẹ́ ìyanu kí ayé lè mọ̀ pé òun ló rán wọn. Nígbà tí àwọn àpọ́sítélì kú tán, tí àwọn tí wọ́n gbé ọwọ́ lé lórí náà sì tẹ̀ lé wọn, agbára ọ̀hún bá wọn lọ. Gbogbo èyí tí wọ́n ń ròyìn láti ìgbà náà, ayédèrú ni lójú Warfield, ìbáà ti ọwọ́ àwọn ẹni mímọ́ Kátólíìkì wá, ìbáà ti ọwọ́ àwọn oníwòsàn ìgbàgbọ́ ní Amẹ́ríkà tirẹ̀.

Ní ọdún yẹn kan náà, ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ mélòó kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà St. Saviour's bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé fún àdúrà. Joseph Shadare, alágbẹ̀dẹ wúrà, wà lára àwọn tó ṣíwájú wọn. Kí ọdún náà tó parí, àrùn ọ̀fìnkìn tó ń pa aráyé bí ẹni pa eṣinṣin ti bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó, ó sì ti tàn wọ ìgbèríko. Wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn pa ní ọ̀pọ̀ ìlú. Nínú ìdààmú yìí ni ọ̀dọ́bìnrin olùkọ́ kan, Sophia Ọdúnlàmí, dìde pé a ti sọ fún òun nínú ẹ̀mí pé kí àwọn ènìyàn máa lo omi òjò pẹ̀lú àdúrà, wọn yóò sì rí ìwòsàn. Ẹgbẹ́ kékeré náà gbà á gbọ́. Nígbà tó yá, wọ́n kọ oògùn sílẹ̀ pátápátá, ti òyìnbó àti ti ìbílẹ̀.

Bí Princeton ṣe ń sọ pé ilẹ̀kùn ti tì, bẹ́ẹ̀ ni Ìjẹ̀bú-Òde ń sọ pé ó ṣí gbayawu. Àríyànjiyàn yìí kò tíì parí títí di òní. Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìbéèrè méjì ni àwọn ènìyàn máa ń lọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Èkíní ni bóyá Ọlọ́run ṣì ń ṣe iṣẹ́ ìyanu. Èkejì ni ohun tí ẹni tó bá kéde iṣẹ́ ìyanu jẹ gbèsè rẹ̀ fún aláìsàn àti fún ìlú. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ló ń gba gbogbo ariwo. Èkejì gan-an ló ń pa ènìyàn tàbí tó ń gbà á là.

Ohun tí Ìwé Mímọ́ fi síwájú àwọn méjèèjì

Orísun ìjiyàn náà wà nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì. Ní orí 12 ó ka ẹ̀bùn mẹ́sàn-án: ọ̀rọ̀ ọgbọ́n, ọ̀rọ̀ ìmọ̀, ìgbàgbọ́, ìmúláradá, iṣẹ́ ìyanu, àsọtẹ́lẹ̀, mímọ ìyàtọ̀ ẹ̀mí, onírúurú èdè àti ìtumọ̀ èdè. Ní orí 13 ó sọ pé àsọtẹ́lẹ̀ yóò dópin, èdè yóò dákẹ́, nígbà tí ohun tó pé bá dé. Kí ni ohun tó pé yìí? Àwọn kan nínú àwọn tó gbà pé ẹ̀bùn ti dáwọ́ dúró ní Bíbélì ni. Bí a ti kọ ọ́ tán, kò sí ohun tí a tún fẹ́ fi wòlíì ṣe. Àwọn tó gbà pé ẹ̀bùn ṣì ń bá a lọ ní ìpadàbọ̀ Jésù ni, nítorí Pọ́ọ̀lù fi kún un pé nígbà náà ni a óò rí i lójúkojú.

Àwọn ti Warfield ní ẹsẹ̀ mìíràn tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́. Lẹ́tà sí àwọn ará Éfésù pe àwọn àpọ́sítélì àti wòlíì ní ìpìlẹ̀ ilé, a kì í sì í fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tó ta kò wọ́n ń tọ́ka sí ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, níbi tí Pétérù ti sọ pé ìlérí náà wà fún àwọn tó wà níwájú rẹ̀, fún àwọn ọmọ wọn àti fún gbogbo àwọn tó wà lókèèrè. Wọ́n tún máa ń ka ìparí Ìhìnrere Máàkù, níbi tí àmì yóò ti máa tẹ̀ lé àwọn tó gbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ìparí yẹn kò sí nínú ìwé àfọwọ́kọ méjì tí àwọn onímọ̀ kà sí pàtàkì jù, Sinaiticus àti Vaticanus, tí wọ́n ti wà láti ọ̀rúndún kẹrin.

Ibì kan wà tí àwọn méjèèjì kì í fẹ́ dúró pẹ́ sí, òun sì ni ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn tó wà yí Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ká. Ó fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù pẹ̀lú àìsàn lára. Ó ní kí Tímótíù máa mu wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà gbogbo. Ẹpafíródítù ṣàìsàn títí tó fi sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ikú. Ọ̀kan nínú àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù lọ sì ni Lúùkù, oníṣègùn. Bí ọkùnrin tí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì sọ pé aṣọ ara rẹ̀ ń wo àrùn sàn bá lè fi ọ̀rẹ́ sílẹ̀ lórí àkéte àìsàn láìbá a wí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré, ó yẹ kí ìyẹn dá ẹnu àwọn kan dúró díẹ̀ lónìí.

Bíṣọ́ọ̀bù tó yí ọ̀rọ̀ padà

Àwọn tó ń jiyàn sábà máa ń rò pé ìjọ àtijọ́ wà lẹ́yìn wọn. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọrùn bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ṣì ń kọ ìwé ní nǹkan bí ọdún 390, ó sọ pé a kò jẹ́ kí irú iṣẹ́ ìyanu àtijọ́ máa bá a lọ, kí ọkàn ènìyàn má baà máa wá ohun tí ojú ń rí nìkan. Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, ó tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Nínú ìwé 22 ti Ìlú Ọlọ́run, ó to ìwòsàn jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó ṣojú rẹ̀ àti èyí tó gbọ́ lẹ́nu àwọn tó mọ̀.

Ọ̀nà tó gbà ṣe é ló yẹ kí a fiyè sí. Augustine kò fẹ́ kí ìròyìn ìwòsàn máa ti ẹnu dé etí lásán kó sì parẹ́. Ó ní kí ẹni tó bá gba ìwòsàn níbi ilé ìrántí Sítéfánù ní Hippo jẹ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì kà á níwájú ìjọ. Láàárín ọdún tí kò pé méjì, àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 70. Ó tilẹ̀ bínú sí obìnrin pàtàkì kan ní Kátéèjì tó gba ìwòsàn lọ́wọ́ àrùn ọyàn tó sì pa á mọ́ra. Ẹni tó gba iṣẹ́ ìyanu gbọ́ ló ń béèrè àkọsílẹ̀; kì í ṣe ẹni tó ń ṣiyèméjì.

Òkè-Ooye

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1922, ẹgbẹ́ Shadare, tí wọ́n ti ń pè ní Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye, kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ oògùn nìkan ló fà á. Wọ́n tún kọ̀ láti máa ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́. David Ọdúbánjọ ní Èkó ti ń bá ìjọ kan ní Philadelphia kọ̀wé, Faith Tabernacle, tí ìwé ìròyìn rẹ̀ ń ti ilé ìfìwéránṣẹ́ dé ọwọ́ wọn. Ìjọ yẹn kò rán òyìnbó kan ṣoṣo wá sí Nàìjíríà rí. Ìwé ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ìwé náà sì tó láti dá ìjọ sílẹ̀ ní Èkó, Ìbàdàn, Iléṣà àti àwọn ìlú mìíràn.

Ohun kan wà nínú ẹ̀kọ́ Philadelphia tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu lónìí. Wọ́n gba ìwòsàn àtọ̀runwá gbọ́ débi pé wọn kì í lo oògùn rárá, ṣùgbọ́n wọ́n kọ fífi èdè àjèjì sọ̀rọ̀. Lójú wọn, ohun tí William Seymour, ọmọ àwọn tó ti ṣe ẹrú rí, bẹ̀rẹ̀ ní Azusa Street ní Los Angeles ní 1906 kò ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá. Bẹ́ẹ̀, nínú ẹ̀bùn mẹ́sàn-án Pọ́ọ̀lù, wọ́n di ọ̀kan mú títí wọ́n fi kọ kuníìnì, oògùn ibà, wọ́n sì sọ òmíràn nù. Ẹni tó bá ń rò pé àríyànjiyàn yìí wà láàárín àwọn tó gbàgbọ́ àti àwọn tí kò gbàgbọ́ nìkan, kó wo ibí yìí dáadáa.

Ní oṣù Keje ọdún 1930, àwọn àgbà ìjọ náà pàdé ní Òkè-Ooye, Iléṣà, láti yanjú aáwọ̀ lórí ẹ̀kọ́. Jósẹ́fù Ayọ̀ Babalọlá wà níbẹ̀. Ọmọ Odò-Ọwá ni, a bí i ní 1904. Awakọ̀ ẹ̀rọ tí ń tẹ ọ̀nà ni lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba, kó tó sọ pé ẹ̀rọ òun dákẹ́ lójú ọ̀nà nítòsí Ìkéjì ní oṣù Kẹwàá 1928, tí òun sì gbọ́ ohùn tó pe òun. Ìtàn ìjọ sọ pé òkú ọmọ kan jí nígbà tó gbàdúrà ní Òkè-Ooye. Láti ọjọ́ náà, èrò wọ́ tìrítìrí. Wọ́n wá láti Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì, Ìbàdàn àti ibi tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n gbé kèrègbè àti ìgò lọ́wọ́ fún omi tí Babalọlá gbàdúrà sí. Àwọn ènìyàn dáná sun òrìṣà àti oògùn ìbílẹ̀.

Ìjọba amúnisìn kò fojú rere wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìpéjọ ńlá tí ọ̀gá òyìnbó kò pè máa ń kó wọn láyà jẹ. Ní 1932, wọ́n mú Babalọlá ní Òtùo, wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin nítorí ọ̀rọ̀ wíwá àjẹ́. Nítorí irú ìyọnu yìí, tó ti ń bá wọn fínra kí wọ́n tó mú Babalọlá, ni àwọn àgbà ìjọ ṣe ń wá ẹni tí wọn yóò fẹ̀yìn tì. Wọ́n kọ̀wé sí Apostolic Church ní Britain. Ní oṣù Kẹsàn-án 1931, D. P. Williams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Èkó. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, George Perfect àti Idris Vaughan wá láti máa gbé níbẹ̀.

Kuníìnì nínú àpò òjíṣẹ́ Ọlọ́run

Gbogbo ẹ̀bùn mẹ́sàn-án ni àwọn òyìnbó yìí gbà gbọ́, títí kan fífi èdè àjèjì sọ̀rọ̀. Wọ́n ń gbé ọwọ́ lé aláìsàn. Síbẹ̀ wọ́n ń lo kuníìnì. Ọ̀rọ̀ di wàhálà. Ọdúbánjọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ béèrè pé báwo ni ènìyàn yóò ṣe dúró lórí pẹpẹ láti wàásù pé Jésù ni oníṣègùn, tí kóró kuníìnì sì wà nínú àpò rẹ̀.

Ìtàn oògùn yìí ti pẹ́ nínú iṣẹ́ ìhìnrere nílẹ̀ wa. Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther wà nínú ìrìn àjò Odò Ọya ti 1841, níbi tí ibà ti pa òyìnbó tó ju ogójì lọ nínú nǹkan bí 145. Ó tún wà nínú ti 1854, nígbà tí William Baikie, tó jẹ́ dókítà, fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní kuníìnì lójoojúmọ́ kí ibà tó mú wọn. Ibà kò pa ẹnì kankan nínú wọn. Crowther rí ìrìn àjò méjèèjì. Bíṣọ́ọ̀bù tó ń gbàdúrà ni, kò sì sí ibi tí a ti gbọ́ pé ó ka kuníìnì sí àìnígbàgbọ́.

Ìdí kan wà nínú ara ènìyàn tí àwọn tó ń jiyàn lórí kuníìnì nínú ìjọ náà kò fi sínú ọ̀rọ̀ wọn. Ẹni tó dàgbà níbi tí ibà pọ̀ sí, tí ibà ti ń mú láti kékeré, ara rẹ̀ ti kọ́ láti bá a jà. Bí ibà bá mú un ní ogójì ọdún, ó lè dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, kó sì dìde. Òyìnbó tó ti Wales dé kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, àgbà Yorùbá tó kọ kuníìnì tó sì ye kò purọ́ nígbà tó ní àdúrà ló gba òun. Òyìnbó tó gbé kuníìnì mì kò sì tipa bẹ́ẹ̀ sọ ìgbàgbọ́ nù. Ewu kò dọ́gba. Ẹni tí ewu náà wúwo lé lórí jù ni ọmọ kékeré, tí ara rẹ̀ kò tíì kọ́ ìjà yẹn. Ọmọ kì í sì í bá wọn jókòó nínú ìgbìmọ̀ níbi tí wọ́n ti ń pinnu bóyá kó lo oògùn tàbí kó má lò ó.

Ìjọ náà pín. Àwọn kan dúró ti Apostolic Church. Ìsáàkì Akínyẹlé ti Ìbàdàn, Ọdúbánjọ àti Babalọlá bọ́ sí apá kejì, wọ́n sì forúkọ Christ Apostolic Church sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1943. Kuníìnì kọ́ ni ohun kan ṣoṣo tí wọ́n jà lé lórí. Ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò máa pàṣẹ, dúdú tàbí òyìnbó, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kuníìnì ni àmì tí gbogbo ènìyàn lè fojú rí.

Ìdílé kan ní Ìbàdàn ló fi ìhà méjèèjì hàn jù lọ. Ìsáàkì Akínyẹlé, ẹni tó kọ ìtàn ìlú Ìbàdàn sínú ìwé, jẹ́ aṣáájú nínú ìjọ aláàdúrà yìí, ó sì jọba gẹ́gẹ́ bí Olúbàdàn láti 1955 títí tó fi wàjà ní 1964. Arákùnrin rẹ̀, Alexander Babátúndé Akínyẹlé, ló dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní 1913, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà àkọ́kọ́ fún Ìbàdàn. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Ọ̀kan di adarí ìjọ tó kọ oògùn sílẹ̀, èkejì dúró nínú ìjọ tí Shadare bá jà.

Iléṣà náà ní ìtàn ìwòsàn kejì. Wesley Guild, ilé ìwòsàn àwọn Mẹ́tọ́díìsì, wà nínú ìlú kan náà pẹ̀lú Òkè-Ooye. Níbẹ̀ ni David Morley, dókítà òyìnbó tó dé ní 1956, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, pàápàá ní Ìmèsí-Ilé. Ó rí bí èéyí, ibà àti àìjẹunre-kánú ṣe ń pa wọ́n. Ó ṣe káàdì kan tí ìyá yóò máa mú lọ sílé, tí wọ́n ń fi àmì sí bí ìwọ̀n ọmọ ṣe ń gòkè tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀. Káàdì yẹn ti Ìmèsí-Ilé dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Onígbàgbọ́ ni Morley, ó sì wá sábẹ́ ìjọ. Bí ẹnì kan bá ní kí a ka iṣẹ́ tó tọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá ní Iléṣà, kò sí ìdí tí yóò fi ka Òkè-Ooye kó sì fo ilé ìwòsàn náà.

Ta ló yẹ kó mú ẹ̀rí wá?

Lónìí, ibi tí ìjà náà ti gbóná ti yí padà. Ní 2013, John MacArthur, olùṣọ́ àgùntàn ní Kalifóníà, pe àpéjọ kan tí ó sọ ní Strange Fire, níbi tó ti dá àwọn ìjọ ẹlẹ́bùn Ẹ̀mí lẹ́bi. Àwọn tó wà ní ìhà kejì dá a lóhùn pé ó ń fi ẹ̀ṣẹ̀ àwọn oníjìbìtì díẹ̀ bá ẹgbàágbèje ènìyàn wí. Lórí ọ̀rọ̀ jìbìtì, àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kò. Ohun tí wọn kò fẹnu kò lé lórí ni bí a ó ṣe mọ èyí tí kì í ṣe jìbìtì.

Ìjọba Nàìjíríà ti gbìyànjú láti dáhùn ṣáájú wọn. Ní 2004, NBC, àjọ tí ń bójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ní kí àwọn ilé iṣẹ́ má ṣe máa gbé iṣẹ́ ìyanu tí kò ní ẹ̀rí jáde mọ́. Àwọn aṣáájú ìjọ kan fárígá pé ìjọba ń ti ọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n àṣẹ náà kò sọ pé Ọlọ́run kò gbọdọ̀ wo ènìyàn sàn. Ohun tó béèrè ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ polówó ìwòsàn fún gbogbo ayé lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, bí a ti ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta oògùn.

Ìjọ kan wà tó ti ń béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ní Lourdes, ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí Bernadette Soubirous, ọmọ ọdún 14, ti ní òun rí Màríà ní 1858, ìjọ Kátólíìkì dá ọ́fíìsì àwọn dókítà sílẹ̀ ní 1883. Ẹni tó bá ní òun gba ìwòsàn yóò kọ́kọ́ fojú hàn níbẹ̀. Wọn yóò béèrè ìwé dókítà rẹ̀ ṣáájú ìwòsàn. Àrùn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó le, ìwòsàn náà gbọ́dọ̀ yára, kó pé, kó sì dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ pé oògùn tí ó ń lò ló ṣe é. Dókítà tí kì í ṣe Kátólíìkì, títí kan èyí tí kò gba Ọlọ́run gbọ́, lè bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn èyí ni bíṣọ́ọ̀bù aláìsàn náà tó lè sọ̀rọ̀. Ènìyàn tó ju 7,000 ló ti mú ọ̀rọ̀ ìwòsàn wá síwájú wọn. Nígbà tó di 2018, ìwòsàn tí ìjọ fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìyanu jẹ́ 70.

Àwọn kan yóò ní iye yẹn kéré jù fún Ọlọ́run. Àwọn mìíràn yóò ní ó pọ̀ jù fún sáyẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n ìjọ tó yẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún wò tó sì fọwọ́ sí àádọ́rin, kò ní láti bẹ̀rù ẹni tó bá fẹ́ yẹ àádọ́rin náà wò. Èyí tí wọn kò fọwọ́ sí kò tipa bẹ́ẹ̀ di irọ́. Wọn kò kàn fi í ṣe ẹ̀rí lójú ìta ni.

Ẹjọ́ tó yẹ kí a dá

Warfield kò lè fi ẹsẹ Bíbélì kan hàn tó sọ ní kedere pé ẹ̀bùn parí pẹ̀lú àpọ́sítélì tó gbẹ̀yìn, ó sì ṣòro láti bá ẹni tó ní òun gba ìwòsàn ní Òkè-Ooye jiyàn lórí ohun tó ṣojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbà pé ẹ̀bùn ń bá a lọ kò lè fi Pọ́ọ̀lù hàn níbi tó ti ní kí aláìsàn da oògùn nù. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ibi yìí, ìbéèrè nípa agbára Ọlọ́run kò tún lè yanjú ọ̀rọ̀ láàárín wọn. Ohun tó kù ni ìwà ẹni tó ń gbàdúrà sí ẹni tó ń ṣàìsàn.

Nítorí náà, kí ìjọ tó bá ń kéde ìwòsàn máa tọ́jú àkọsílẹ̀: orúkọ àrùn, ìwé dókítà tó ṣáájú, àyẹ̀wò tó tẹ̀ lé e, àti bí ara ẹni náà ṣe rí lẹ́yìn ọdún kan àti lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Kí wọ́n sì máa kéde èyí tí kò yọrí sí ìwòsàn pẹ̀lú, nítorí ìjọ tó ń ka àwọn tó sàn nìkan kò tíì ka ohunkóhun. Kí pásítọ̀ má ṣe sọ fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí kòkòrò HIV pé kó dá oògùn dúró nítorí ó jẹ́rìí lórí pẹpẹ. Dókítà tó kọ oògùn náà nìkan ló lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ará ìjọ tí ẹ ń gbọ́, tí ẹ sì ń kà, bí ẹnikẹ́ni bá gbàdúrà fún yín tí ara yín bá yá, ẹ padà lọ ṣe àyẹ̀wò kí ẹ tó dá oògùn dúró. Bí ìwòsàn náà bá jẹ́ òótọ́, àyẹ̀wò yóò fi hàn.